Lẹ́yìn Tí Wọ́n Ti Sin Caroline Sọ́nà

Ọjọ́ kẹta tí Caroline Àkàngbé yọ́ padà wọ Èkó ni ó rí ọ̀gá akọrin ìjọ rẹ̀ ní ọjà Tẹ́júoṣó, ó sì sá wọ àárín ṣòkòtò òkìríkà tí wọ́n fi kọ́ síwájú ìsọ̀ kan. Obìnrin ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, tí ó bí ọmọ méjì, tí ó ti jẹ́ olórí kíláàsì ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó fún ọdún mẹ́rìnlá, ó dúró sáàárín jíǹsì bí ewúrẹ́ tó jẹ iṣu oníṣu. Ọ̀gá akọrin ò sì kánjú. Ó na bẹ́líìtì kan wò, ó dá a padà, ó mú òmíràn, ó ń ná an bí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò. Ẹni tó ni ìsọ̀ wá bi Caroline bóyá Màmá fẹ́ ra ṣòkòtò ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ọkọ òun. Ẹni náà bi í pé kí ni ìwọ̀n ìbàdí Dádì. Caroline, tí ó ti ń ránṣọ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì, tí ó lè dúró ní òdìkejì títì kó fi ojú lásán wọn ènìyàn, kò rántí ìbàdí ọkọ rẹ̀ mọ́. Báyìí ló ṣe ra ṣòkòtò tí kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Kì í ṣe pé ó jalè. Kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ohun tó ṣe kò ju pé wọ́n ti sìn ín sọ́nà, ó sì tún padà wá.

Ní ìjọ tirẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sí Kánádà tàbí ìlú òyìnbó mìíràn, wọ́n á pè é síwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn, gbogbo ìjọ á nawọ́ sí i, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọrin ìdágbére, ẹgbẹ́ á sì fún un lẹ́bùn. Láàárín ọdún mẹ́ta, ọwọ́ tí wọ́n nà pọ̀ débi pé àwọn àgbàlagbà ti ń sọ pé èjìká ń ro àwọn. Nígbà tí ó wá kan Caroline àti Jethro ọkọ rẹ̀, tí onílé ta ilé tí wọ́n ti ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, tí àwọn náà pinnu láti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí í ṣe ìlú Jethro, ìjọ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn sínú ìkéde lásán. Caroline ò gbà. Ó lọ bá Àlùfáà nínú ọ́fíìsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹni tó bá wọ bàálù nìkan ni Ọlọ́run ń bá rìn ni? Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì ńkọ́?"

Àlùfáà wá inú Bíbélì títí, kò rí ibi tí wọ́n ti fi bàálù ṣáájú bọ́ọ̀sì. Bí àwọn méjèèjì ṣe di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè síwájú pẹpẹ nítorí Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Wọ́n nawọ́, wọ́n kọrin, àwọn obìnrin sunkún. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá fún un ní búláńkẹ́ẹ̀tì onírun kan tó nípọn bíi pé yìnyín ń bọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀. Ibi tó ti ṣì í nìyẹn. Dípò kó kàn dúpẹ́, ó ní òun ti gbọn eruku Èkó kúrò lẹ́sẹ̀ òun, pé ẹni tó bá fẹ́ rí òun mọ́, kó wá bá òun níbi tí atẹ́gùn Ọlọ́run ti ń fẹ́. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méje péré lẹ́yìn ìyẹn ló wà láàárín ṣòkòtò òkìríkà yìí.

Ká sọ tòótọ́, ilé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní àléébù. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Jethro fi kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, láti inú owó oṣù ìjọba. Yàrá mẹ́rin ni, omi wà, ilẹ̀ wà tó gba ẹ̀fọ́. Ikọ́ tó ti ń bá Jethro jà láti ọdún pípẹ́ wá, èyí tí èéfín jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń bọ́ yó ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi lọ. Ó ń jí láàárọ̀, ó ń bomi rin tètè, ó ń súfèé. Caroline ń wò ó láti ojú fèrèsé, inú rẹ̀ ń dùn, inú rẹ̀ sì ń bí i pé inú òun ò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ ń dún létí rẹ̀. Ó gbé máṣíìnì rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn, ó rán kọ́tìnì sí gbogbo fèrèsé, ó rán aṣọ tìmùtìmù, ó rán aṣọ bo tẹlifíṣọ̀n, ó wá rán aṣọ bo máṣíìnì náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tán. Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ni Jethro ti dàgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kí i dáadáa, wọ́n ń pè é ní Ìyá Èkó, òun náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á lọ́kàn kí wọ́n má lọ sọ pé omi tí wọ́n wọ́n sí i lórí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ kò tó, kí wọ́n wá ri í bọ odò lọ́jọ́ ogbó. Bí ó bá jókòó, á dìde. Bí ó bá dìde, kò sí ibi tó ń lọ. Á rìn dé ẹnu géètì, á wo kọ́kọ́rọ́, á padà.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ keje, ó parọ́ fún ọkọ rẹ̀. Ó ní ara Kíkẹ́, ọmọ wọn obìnrin tó ń gbé ní Yábà, kò yá, pé òun á lọ wò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Nínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́, ó bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí orí fọ́ Kíkẹ́ díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ òun má baà jẹ́ irọ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n dé Ìbàdàn, ó tọrọ àforíjì fún àdúrà yẹn.

Orí ò fọ́ Kíkẹ́ rárá. Ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan orí kọ̀ǹpútà ló ti ń ṣiṣẹ́, òun nìkan ló ń gbé ilé oníyàrá méjì lẹ́yìn Sábó, ó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin di mẹ́jọ, mẹ́jọ di mẹ́wàá, kò sí ohun tí Caroline ò tíì gbé kúrò níbi tó wà nínú ilé yẹn. Ó tú gbogbo kọ́tìnì, ó tún wọn rán. Kíkẹ́ dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá a tí ó tún ń tú ọ̀kan.

"Mọ́mì, kí ni kọ́tìnì yẹn ṣe yín gan-an?"

Ó ní etí rẹ̀ ò tọ́ ni. Kíkẹ́ jókòó tì í, ó bi í bóyá Mọ́mì àti Dádì jà ni. Ó ní rárá. Òótọ́ sì ni, wọn ò jà. Ìbá sàn ká ní wọ́n jà. Ìjà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, àwọn àgbà sì lè dá sí i. Ta ló fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kọ́lé fún, tó ń fún un ní ẹ̀fọ́ tútù láràárọ̀, tó wá ń sá?

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, Jethro pè é. Ó ní bí ara Kíkẹ́ bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wá wo ọmọ òun, pé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àwọn á jọ padà. Ohùn rẹ̀ tutù bí ó ṣe máa ń tutù, ṣùgbọ́n Caroline gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ilẹ̀ Àbámẹ́ta bá mọ́, yálà kí ó wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú rẹ̀, kó lọ gbé ibẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé, tàbí kí ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ò lọ, kí tọkọtaya ọdún méjìdínlógójì wá di ẹni tó ń kí ara wọn lórí fóònù.

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ó wé gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ó yọ sí ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó ti di ti Shakirat báyìí. Shakirat yìí kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀, ó bá a ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ náà fi ń funfun. Ó ń lọ aṣọ ilé-ìwé nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ wọlé. Kò lanu. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó nu àga.

"Ẹ káàbọ̀, Màámi. Mo ti ń retí yín láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Caroline bi í pé ta ló sọ fún un. Shakirat ní ọ̀gá akọrin ni, pé gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́.

"Ó rí mi?"

"Ẹsẹ̀ yín ló rí lábẹ́ ṣòkòtò. Ó ní bàtà tí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ ìdágbére ni. Kò fẹ́ kí ojú tì yín, ló bá kọjú sí bẹ́líìtì kí ẹ lè rí àyè lọ. Ó ní òun dúró títí, ẹ ò lọ. Ó wá di dandan fún un kó ra bẹ́líìtì."

Ó pẹ́ tí Caroline ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tú gèlè, tó fi ń fi í nu ojú. Nígbà tí ẹ̀rín dá, ó fa àga sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, níbi tí máṣíìnì rẹ̀ máa ń wà tẹ́lẹ̀, ó mú síkẹ́ẹ̀tì kan tí wọn ò tíì ṣẹ́ etí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ rán an. Àwọn ènìyàn ń kọjá. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Màmá, ṣé wọ́n ti dá yín padà láti Kánádà ni? Ọmọbìnrin kan dúró kó sọ pé òun ti bímọ. Alápatà kan na ọwọ́ láti òdìkejì. Òun náà ń dáhùn, abẹ́rẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀, kò sì mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ púpọ̀, dúró.

Shakirat ń wò ó. Ó bi í pé ta ló ń bá a jókòó bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Caroline ní kò sí. Ó bi í pé kí ni orúkọ ẹni tó múlé tì wọ́n. Caroline ronú. Ó mọ àwọ̀ òrùlé wọn, ó mọ ohùn àkùkọ wọn, kò mọ orúkọ ẹnì kankan.

"Ọ̀sẹ̀ méje, Màámi? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bi alágbàfọ̀ léèrè orúkọ ìyá rẹ̀?"

Ìgbà yẹn ni Caroline wá ṣàlàyé ògiri tó yí ilé wọn ká. Ní àdúgbò tí wọ́n kọ́lé sí, kò sẹ́ni tó mọ ògiri yí ilé ká. Àgbàlá àgbàlá ló kan ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ á gba àárín kọjá. Àárín wọn ni Jethro mọ ògiri tirẹ̀ sí, ó ga ju ẹni tó dúró lórí ẹlòmíràn lọ, àfọ́kù ìgò lórí rẹ̀, géètì onírin, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta. Bí ẹni tó ti gbé Èkó pẹ́ ṣe máa ń kọ́lé ni, kò sí ẹni tó rí ohun tó burú níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin kan kan géètì. Jethro yọjú láti ojú ihò, ó ní, "Ta nìyẹn? Kí lẹ fẹ́?" Obìnrin náà ní òun ò fẹ́ nǹkan kan, pé òun wá kí àlejò ni. Kí Jethro tó rí kọ́kọ́rọ́ kẹta, obìnrin náà ti lọ. Ó gbé abọ́ máńgòrò sílẹ̀ sí ìta. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò kan géètì mọ́.

Shakirat ká aṣọ tó lọ̀, ó tò ó jọ.

"Ẹ má bínú sí mi o, Màámi. Ẹ ò fi Èkó sílẹ̀. Ẹ kó o lọ ni, ẹ wá gbàgbé àwọn ènìyàn inú rẹ̀ síbí."

Jethro dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Láti Jíbówú dé ilé Kíkẹ́, ikọ́ ti tún mú un. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ rẹ̀, ó bi í bí ara ṣe rí. Kíkẹ́ ní ara òun le, sà, pé ta ló sọ pé kò le? Baba wo ìyá. Ìyá wo kọ́tìnì. Wọ́n jẹun.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì Jíbówú, tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́wọ́ Jethro, àpò Caroline láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ẹni tó ń pèrò ń kígbe pé ó ku ènìyàn márùn-ún. Jethro ń wo iwájú. Ó ní òun mọ̀ pé ara rẹ̀ kò tíì mọ́lé ni, pé ó máa ń ṣe gbogbo ènìyàn bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Wálé, àjò kì í dùn kí onílé má relé."

"Òótọ́ ni," Caroline wí. "Ta ni onílé nínú àwa méjèèjì?"

Jethro yíjú sí i.

"Ẹ̀yin lẹ relé, Bàbá Wálé. Èmi, àjò ni mo lọ. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni wọ́n ti bí mi. Mo tẹ̀lé yín lọ sílé yín, ẹ sì tì mí mọ́bẹ̀."

"Mo tì ọ́ mọ́lé?"

"Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó sọ ti obìnrin abọ́ máńgòrò, ó ní títí dòní òun ò mọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ti jẹ máńgòrò rẹ̀ tán. Ó ní kí wọ́n wó ògiri náà. Jethro ń yí tíkẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò pariwo. Ó bi í bóyá ó rántí ìgbà tí àwọn adigunjalè wọlé wọn, tí Wálé àkọ́bí wọn ṣì ń fà kiri ilẹ̀, tí wọ́n ní kí gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Ó ní orí ilẹ̀ yẹn ni òun ti búra pé lọ́jọ́ tí òun bá ní ilé tòun, kò sí ẹni tí yóò wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé òun ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní kí òun tó ra ilẹ̀kùn ilé náà ni òun ti mọ ògiri.

Caroline mọ̀. Òun náà dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yìn ọmọ.

"Wọn ò tẹ̀lé wa dé Ògbómọ̀ṣọ́," ó wí. "Ìyá tó gbé máńgòrò wá kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn."

Ẹni tó ń pèrò ní ó ku ènìyàn méjì, àwọn méjèèjì ló sì ń wò. Jethro dìde. Caroline ò dìde. Ó bi í pé ṣé kò lọ nìyẹn. Caroline ní òun ò sọ pé òun ò lọ, ohun tí òun sọ ni pé òun ò lè gbé ẹ̀yìn ògiri yẹn, kó lọ wò ó dáadáa, ilé Kíkẹ́ ni òun wà. Jethro wọ bọ́ọ̀sì. Ó gbé àpò tirẹ̀ sí àga tó ti sanwó rẹ̀ fún Caroline. Bọ́ọ̀sì lọ, Caroline sì fẹsẹ̀ rìn láti Jíbówú títí dé Sábó, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá jókòó, òun á sunkún lójú ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ sí ìjọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó sì jókòó síwájú. Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìsìn fi parí. Lẹ́yìn ìsìn, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá bi í létí bóyá ó mú búláńkẹ́ẹ̀tì bọ̀, pé ẹnì kan tún ń lọ Kánádà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Jethro fi ń pè é tí wọ́n ń kí ara wọn bí àna. Ṣé o jí dáadáa? A dúpẹ́. Kíkẹ́ ńkọ́? Ó wà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ògiri. Caroline gbàdúrà, ṣùgbọ́n àdúrà náà ń há a lẹ́nu, nítorí kò mọ èyí tí yóò bèèrè: kí Ọlọ́run tẹ ọkàn ọkọ òun ba ni, àbí kí ó mú ọkàn tòun le. Ó dúró ti fèrèsé, ó kúrò, ó tún padà síbẹ̀. Ikọ́ tó gbọ́ lẹ́nu Jethro lọ́jọ́ Ẹtì yẹn kò jẹ́ kó lè sọ fún un pé kó wá máa gbé Èkó. Ó kéré tán, ìyẹn dá a lójú.

Lọ́jọ́ kẹwàá, fóònù dún láàárọ̀. Kó tó sọ ẹ pẹ̀lẹ́ ni ó ti gbọ́ ariwo: irin ń lu nǹkan, ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, àkùkọ kan ń kọ tìbínú-tìbínú.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

"Ògiri le," Jethro wí. Ó ń mí gúlegúle. "Mi ò mọ̀ pé mo mọ ọ́n tó báyìí."

Ó ní òun nìkan lòun bẹ̀rẹ̀ lánàá, pẹ̀lú òòlù. Aládùúgbò kan yọjú pé ṣé ilé ló ń wó. Òun ní rárá, òun fẹ́ kí ojú ọ̀nà là ni. Ọkùnrin náà lọ, ó mú dígà dé, ó mú ọmọ rẹ̀ méjì dé. Ó ní obìnrin máńgòrò yẹn ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá. Ìyá Adéwùnmí ni wọ́n ń pè é. Opó ni, ó sì ń bèèrè bóyá òótọ́ ni pé ìyàwó òun máa ń ránṣọ. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Iwájú nìkan ni mo wó o, Ìyá Wálé. Ẹ̀yìn ṣì wà. Mi ò tíì lè sùn níbi tí ẹ̀yìn ò bá ti ní ògiri."

Ojú Caroline ń ta á. Ó ní, "Ẹ má wó ẹ̀yìn."

Irin ń lu ògiri láàárín wọn. Caroline bi í pé kí ló wà nínú pálọ̀ tó kọjú sí ọ̀nà. Ó ní àga àlejò ni. Caroline ní kó kó wọn lọ sí yàrá ẹ̀yìn, kó gbé máṣíìnì òun wá síbẹ̀, kó sì rọra, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ò dúró ṣinṣin. Jethro ní òun ti gbé e wá síbẹ̀ láti àná. Caroline ní ta ló ní kó fọwọ́ kan máṣíìnì òun.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó wà ní Jíbówú. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bi í pé ṣé àlọ nìkan ni, Mà, àbí àlọ àti àbọ̀. Ó dúró níbẹ̀, àwọn ènìyàn tò sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan ń pòṣé. Bí wọ́n bá bi í ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ì bá ti fi Bíbélì dáhùn.

"Já àlọ fún mi," ó wí. "Bí mo bá fẹ́ bọ̀, mo mọ ọ̀nà."

Ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó dìde, ó bọ́ sí àga mìíràn. Obìnrin tó jókòó tì í bi í ibi tó ń lọ. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin náà bi í bóyá ilé rẹ̀ ni. Caroline ronú sí i títí mọ́tò fi ṣíná, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó lórí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì bí ẹni tó ń tẹ máṣíìnì.

"Mò ń lọ wò ó ná," ó wí, ó sì bi obìnrin náà pé kí ni orúkọ rẹ̀.